Fọ́nrán Kòkòrò Yìí Kò Hù Bí Irun

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín nílé wa ní Arakale. Mo kí Bọ̀ọ̀dá mi àti ìyàwó wọn ní Oǹdó, mo sì kí àwọn ọmọ. Òtútù òkè òkun níbí kò tíì pa mí. Ẹ̀wù mẹ́rin ni mo ń wọ̀ jáde, ẹ máa rí mi bí àpò gààrí.

Ẹ béèrè lórí fóònù pé ṣé torí kòkòrò tí ojú ò lè rí ni mo ṣe fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní Àkúrẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni o! Kòkòrò ọ̀hún ní fọ́nrán tín-ín-rín lára. Ti àwọn kòkòrò kan ń hù láti ìdí, ti àwọn mìíràn láti orí. Ti eléyìí ni ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ọ̀gá mi, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, ní bí n kò bá rí i kí oṣù yìí tó parí, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Mo kun fọ́nrán náà ní àwọ̀ ewé, mo jẹ́ kó tún hù, mo wá kun èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ní pupa. Orí ni pupa wà! Èmi tí mò ń bá yín kun irun lọ́dọọdún, ìdí ni mo mọ̀ tí funfun ti ń yọ. Mo ní mo ti ṣi aró lò. Mo da gbogbo rẹ̀ nù, mo sáré lọ bẹ ọ̀gá.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, orí náà ni. Fọ́nrán yẹn ní ihò nínú, bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Inú kòkòrò ni èròjà ti ń gba ihò náà gòkè, tí á lọ to ara rẹ̀ sórí, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo padà lọ sọ fún ọ̀gá, mo sì ṣe é lójú rẹ̀. Ó wò ó títí, ó wá ní, "Kí ló dé tí o fi tọrọ àforíjì lórí ohun tí ojú rẹ rí?"

Nílé wa, kí àgbà tó bínú lọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀bẹ̀.

Wọ́n ti fi ọdún méjì kún iṣẹ́ mi. Màámi, ẹ ti gbàdúrà kí iṣẹ́ má bọ́, ẹ tún gbàdúrà kí n wálé lọ́dún yìí. Ọ̀kan ṣoṣo ló gbà, mi ò ní lè wálé lọ́dún yìí. Àárò yín ń sọ mí gan-an, ṣùgbọ́n mi ò ní bẹ̀bẹ̀ lórí èyí.

Ọlọ́run á dá yín sí di ìgbà tí n ó dé. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́lá