Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà Tó Ń Tún Kíláàsì Kan Náà Ṣe

Èsìẹ́,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Olúwatìmílẹ́yìn ọmọ mi,

Láti ìgbà tí ọmọ ènìyàn ti ń ronú, kò tíì sí ohun tó ronú báyìí rí. Ohun tí àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà kọ sínú ìwé ìpolówó tí o fi ránṣẹ́ nìyẹn. Mo dìde dúró kà á, torí irú ọ̀rọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń jókòó kà. Ní báyìí mo ti jókòó, mo kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ìkòkò nínú iná tí kò fi là yóò máa ṣọ́ ọ ní Èkó. Àwa náà wà, òjò ti rọ̀, iṣu ti ta, ìyá rẹ kí ọ.

Mo ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ wínníwínní pé ọpọlọ tuntun inú kọ̀ǹpútà náà fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún yára ju ti èṣí lọ. Tìmílẹ́yìn, mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ tó gba máàkì mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ́dún kan, tó wá gba mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lọ́dún kejì, a kì í pe ọba wá wò ó. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn orúkọ ọpọlọ náà, mo gbà pé kíláàsì tó wà nìyẹn, torí ọdọọdún ló ń lọ sókè. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ojúsàájú ni wọ́n fi ń gbé e ga. Mo mọ ọ̀gá ilé ìwé kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ bíbí inú rẹ̀, aṣọ kóòtù ni ọmọ náà sì máa ń wọ̀ wá lọ́jọ́ tí a bá ń pín ẹ̀bùn. Bá mi sọ fún àwọn tó ń ṣe ọpọlọ náà kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ tiwọn dúró sí kíláàsì kan, kó ríbi kàwé. N óò fún un ní lẹ́sìnnì lọ́fẹ̀ẹ́.

Kọ̀ǹpútà wa àtijọ́ tó wà nílé ń gbìyànjú. Ìgbà tí o ní ooru ló ń dà á láàmú, mo gbé abọ́ omi tútù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, n kò sì fi iṣẹ́ lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Síbẹ̀, bí Ìyá Jàrátù aládùúgbò wa, àgbà amọ̀kòkò tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, bá bẹ̀rẹ̀ orin amọ̀kòkò tí mo fẹ́ gbà sílẹ̀ sínú rẹ̀, ìlà kìíní nìkan ló ń gbọ́, á dákú. Màmá á tún un kọ, á tún dákú. Ó ní Tíṣà, ìkòkò tí òun mọ láàárọ̀ ti gbẹ, ṣé ọmọ yín ò tíì jí ni? Mo ní kí a lo fóònù ìyá rẹ, Màmá ní láéláé, ohun tó bá wọ fóònù á ti dé Ìlọrin kí ọbẹ̀ tó hó. Àpótí tó jókòó sójú kan bí ère òkúta Èsìẹ́ wa lòun fọkàn tán. Òótọ́ ni. Àwọn ère náà fẹ́rẹ̀ẹ́ yára jù ú lọ.

Àǹfààní kan wà níbẹ̀ ṣá. Títún tí Màmá ń tún un kọ ti kọ́ gbogbo ilé lórin. Ìyá rẹ tó jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì, orin amọ̀kòkò ló fi ń yan gàrí. Pásítọ̀ bá a níbẹ̀, ó kọ́kọ́ fajú ro, ṣùgbọ́n kí gàrí tó jinná, òun náà ti ń gbè é. Orin kan ṣoṣo ló kù tí a kò tíì kọ́, èyí tí wọ́n fi ń sin amọ̀kòkò tó bá kú. Màmá nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ó ní a kì í dán an wò, a kì í sì í gé e láàárín, ẹ̀ẹ̀kan péré lòun yóò kọ ọ́ fún wa, lọ́jọ́ tí àpótí bá lè gbọ́ ọ tán. Èémí rẹ̀ sì ti ń kúrú, ọmọ mi.

Èṣí o ní kí n má ra kọ̀ǹpútà tuntun, pé ti ọdún yìí ló máa dára. Lọ́dún yìí o ní kí n dúró de ti ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó ń dúró de èbù ọdún tó ń bọ̀, koríko ni yóò kún oko rẹ̀. Jọ̀wọ́, fi owó èyí tó wà lórí àtẹ báyìí ránṣẹ́, ìdá mẹ́ta náà tó mi. Fi ti epo jẹnẹrétọ̀ lé e, àti ti ẹja díẹ̀ fún ìyá rẹ. Màmá ní bó bá tètè dé, orí ìdúró lòun yóò ti kọ ọ́. Mo gbà á gbọ́. Mo ti nu tábìlì sílẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní dákú láàárín. Ohun tí o bá bẹ̀rẹ̀, ojú wa ni wàá ti parí rẹ̀.

Bàbá rẹ,
Ebenezer.

Kí n má gbàgbé: àwọn tó ń ṣe ọpọlọ yìí, ṣé wọ́n ní ìyá àgbà nílé?