Yèyé, Ènìyàn Ni Yóò Ṣiṣẹ́ Abẹ fún Mi, Kì í Ṣe Irin

Ẹ kú ulé o, Yèyé mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti ìlú Ọba níhìn-ín. Mo kí Fúnmiláyọ̀ àbúrò mi, ẹni tí yóò ka èyí sí yín létí. Mo kí àwọn ìyàwó ilé àti gbogbo ará Òkè-Ìmẹ̀sí tó ń béèrè mi. Mo fi lẹ́tà yìí síta kí gbogbo ayé lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, torí mo gbọ́ pé ìròyìn ti kúrò nílé, ó ti dé ìlú Ìlogbò pé wọ́n fẹ́ fi mí fún róbọ́ọ̀tì jẹ. Ẹ gbà mí o!

Ara mi ò lélẹ̀. Mo jókòó, mo tún dìde. Òjò winniwinni ń rọ̀ láti àárọ̀, ilẹ̀ sì ti ṣú nígbà tí ẹ̀yin ò tíì gbé oúnjẹ alẹ́ kaná. Níbi iṣẹ́, wọ́n ní kí n lọ sinmi ná, torí mi ò gbọdọ̀ gbé àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú mọ́. Ilé wá dákẹ́ jù. Tẹlifíṣọ̀n ni mò ń bá jà.

Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ, bóyá ó máa yé yín ju ti fóònù lọ. Kókó kan wà lára kíndìnrín mi apá òsì. Kókó burúkú ni, àmọ́ ó ṣì kéré, wọ́n tètè rí i. Dókítà ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni òun yóò gé e kúrò, kí òun fi ìyókù kíndìnrín sílẹ̀, róbọ́ọ̀tì sì ni òun yóò lò. Bí mo ṣe dárúkọ róbọ́ọ̀tì báyìí, ẹ ní:

"Irin ò ní ìyá. Ọwọ́ ta ni kí n wá gbàdúrà fún?"

Láti ọjọ́ náà ẹ ò gbé ìpè mi mọ́. Fúnmiláyọ̀ ní ẹ ní ẹ ò lè wúre fún ohun tí ẹ ò mọ̀. Èmi tí mi ò rìnrìn àjò rí láìjẹ́ pé ẹ gbé ọwọ́ lé mi lórí!

Mi ò bá yín wí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún Bàbá ní Aràmọkọ, ẹ kọ́kọ́ ru iṣu lọ kí dókítà nílé rẹ̀. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ ní kò ní gbọ̀n, kí ẹ tó jẹ́ kí Bàbá gun bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ tí yóò kan ènìyàn wa, a máa ń mọ̀ ọ́n.

Lèmi náà bá ra iṣu. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣu tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀yin ò ní wò lẹ́ẹ̀mejì ni. Mo gbé e sínú àpò, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọsibítù, mo ní mo fẹ́ rí ẹni tó wà nídìí róbọ́ọ̀tì. Obìnrin ẹnu ọ̀nà wo àpò, ó wò mí, ó bi mí pé kí ló wà níbẹ̀. Mo ní iṣu ni. Ó pe sekúríítì.

Dókítà fúnra rẹ̀ ló wá yọ mí. Obìnrin ni, kò ga, ọ̀rọ̀ sì yá lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òfin kò jẹ́ kí òun gba ẹ̀bùn. Mo ní kì í ṣe òun ni mo gbé e wá fún, ẹni tó máa ṣiṣẹ́ abẹ ni. Ó tẹjú mọ́ mi. Ìgbà yẹn ló yé e pé mo ti rò pé irin náà ló máa dá a ṣe, pé òun á kàn tẹ bọ́tìnnì, á sì lọ mu tíì.

Ó mú mi lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ náà. Apá mẹ́rin ló ní. Wọ́n á lu ihò kéékèèké sí mi nínú, wọ́n á ti kámẹ́rà àti àwọn irinṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Dókítà á jókòó sídìí àpótí kan nínú yàrá kan náà, á gbé ojú sí i, á máa fi ìka àti ẹsẹ̀ darí wọn. Bó bá yí ọrùn ọwọ́, irin á yí. Bó bá gbé ojú kúrò, irin á dúró gbagidi. Dókítà mìíràn á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní kí n gbìyànjú rẹ̀ wò, mo sì fi mú rọ́bà kékeré kan. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ti irin ò gbọ̀n. Mo ní tó bá bàjẹ́ ńkọ́? Ó ní wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi ọwọ́ parí rẹ̀ bíi ti àtijọ́. Kò sì tàn mí: ó ní ẹ̀jẹ̀ lè dà jù, ó sì lè di dandan kí wọ́n yọ gbogbo kíndìnrín náà.

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ yín fún un. Kò rẹ́rìn-ín.

"Sọ fún ìyá rẹ pé èmi ní ìyá."

Ó ní ìyá òun ti darúgbó, pé bí òun bá pè é, ó máa kọ́kọ́ béèrè bóyá òun ti jẹun. Orúkọ dókítà àti ti ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ Fúnmiláyọ̀ bí ẹ bá fẹ́ fi wúre, mi ò lè kọ ọ́ síta.

Yèyé, wọ́n gbé ìwé wá kí n fọwọ́ sí i pé mo gbà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ pè yín. Fóònù dún títí, ẹ ò gbé e. Mo fọwọ́ sí i. Mi ò ṣe ohun tó tóbi tó báyìí rí láìgbọ́ ohùn yín, mi ò sì ní tọrọ àforíjì, torí mo fẹ́ wà láàyè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò fẹ́ dùbúlẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ bí ẹni tí kò lẹ́nìkan.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ilé ò ní dàrú lẹ́yìn wa. Ẹ bá mi kí tẹrú-tọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ ní gbàdúrà, ẹ bú mi, kí n ṣáà gbọ́ ohùn yín.

Ọmọ yín,
Ọmọ́táyọ̀