Ẹni Tó Pe Orúkọ Mi Lọ́sàn-án

Òkè Ṣọ́ọ̀ṣì, Ìjàrẹ,
Ọjọ́ Ajé, oṣù Karùn-ún, 1995.

Wúrà ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú òwúrọ̀, mo tún kí ọ kú alẹ́, torí mi ò mọ ìgbà tí awakọ̀ yóò gbé lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ ní Alágbàká, l'Àkúrẹ́. Ṣé ara le? Ṣé táípì tí o ń tẹ̀ ní sẹkitéríátì kò tíì ba ìka rẹ jẹ́? O kú ìfaradà ọdún yìí, tí kóńgò gààrí kan ti di ọ̀gá tí èèyàn ń ṣí fìlà kí. Ọlọ́run tó bá wa sin ìyá rẹ láìjẹ́ kí orí wa dàrú kò ní jẹ́ kí ìyà ọdún yìí fi wá ṣẹ̀sín. A ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.

Àwa náà wà níbí, orúnkún mi ọ̀tún nìkan ni kò gbọ́ràn. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ọ̀kan kú, ìkejì ń jẹ gbogbo aṣọ tí Kíkẹ́ àbúrò mi bá sá sórí okùn. Kíkẹ́ ṣì ń bínú pé mi ò jẹ́ kí òun kó ẹrù ìyá rẹ jáde pín, ó ní ó ku oṣù kan péré kó pé ọdún kan tó ti lọ, mo ní kó jẹ́ kó pé ọ̀hún. Yàrá ìyá rẹ ṣì wà ní títì. Inú ife tánganran tó ṣẹ́ létí ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, mo kàn ní kí n sọ fún ọ kí o lè mọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ tí mo torí rẹ̀ mú bíírò gan-an ni ti ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì àbúrò rẹ, Fìyìnfólúwa. Ó ku ọjọ́ méjìlá. O mọ̀ pé ti ọdún tó kọjá kò dára, ọ̀sẹ̀ tí a sin ìyá yín ló jókòó ṣe é, ta ni yóò bá a wí. Tíṣà Gbémiga, ọmọ Oǹdó tó ń kọ́ wọn, wá yá a ní ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, gbogbo gírámà àti ọnà èdè tí wọ́n máa ń béèrè ló wà nínú rẹ̀. Mo ní kí Fìyìn máa kà á sókè, torí ẹni tó ń kàwé láìsọ̀rọ̀, ta ló mọ̀ bóyá oorun ló ń sùn. Mo kábàámọ̀ pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ó sọ fún mi pé àwọn ìdáhùn kan wà tí wọn kì í kọ, pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń kùn wọ́n dúdú, ẹ̀rọ kan ni yóò sì wò ó kó sọ ẹni tó yege. Mo bi í bóyá ẹ̀rọ náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kò gbọ́ èdè kankan. Mo ní kó máa bọ̀wọ̀ fún un o, torí ohun tí kò gbọ́ èdè, tó sì ń dájọ́ èdè, kì í ṣe ohun à ń fojú di. Lẹ́yìn náà ló kan ti ọ̀rọ̀-ìṣe. Ó ní àwọn Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ ti ẹni tó wà láyé, wọ́n sì ní wọ́ọ̀sì fún ẹni tó ti lọ, bí èèyàn bá fi ti alààyè sọ ti òkú, wọn yóò yọ máàkì rẹ̀. Ó wá ń tún un sọ, pé ìyá òun wọ́ọ̀sì oníṣòwò, pé ìyá òun wọ́ọ̀sì ọmọ Oǹdó. Ó dùn mí wọra. Èdè tiwa kì í yára sin èèyàn bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ní ìyá rẹ mọ ọbẹ̀ ẹ́ sè, ta ló máa gbọ́ ọ tó máa mọ̀ pé ó ti kú?

Ní Ọjọ́rú ni wọ́n dé orí èyí tí wọ́n ń pè ní pẹsonifikéṣọ̀n. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí èèyàn mú ohun tí kò lẹ́mìí, kó fún un ní ìwà ènìyàn. Tíṣà ní kí kálukú fi ohun tó wà nílé rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ mẹ́wàá. Ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀ ni Fìyìn jókòó sí, torí ibẹ̀ ni atẹ́gùn máa ń wà lọ́sàn-án, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún gbogbo ilé ní ẹ̀mí. Ó ní ilẹ̀kùn ń ṣọ̀fọ̀. Ó ní àga ń retí ẹni tó ni ín. Ó ní àmù ń sunkún. O rántí àmù ìyá rẹ ní ẹ̀yìnkùlé, èyí tó sán lọ́jọ́ ìsìnkú, tí kò gba omi dúró mọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ mo ń kọjá níbẹ̀, mo rí i pé ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tutù. Mo ṣí i. Omi tó mọ́ gaara wà nínú rẹ̀, ó mu mí dé ìgbọ̀nwọ́, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kíkẹ́ ní òun kọ́ ni òun pọn ọ́n, Fìyìn náà ní òun kọ́. Mo da omi náà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo sì sọ fún Fìyìn pé kó fi ilé wa sílẹ̀, kó máa fi ilé ẹlòmíràn ṣe àpẹẹrẹ.

Àṣé èyí tó wà ní ojú ewé kejì ló burú jù. Àpọ́sítírọ́fì ni wọ́n ń pè é. Ó ní òun ni pé kí èèyàn máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, tàbí ẹni tó ti kú pàápàá, bí ẹni pé onítọ̀hún dúró síwájú rẹ̀. Mo ní kó tún un kà, ó tún un kà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, Wúrà, pé kí ọmọ ọdún méjìdínlógún máa bá òkú sọ̀rọ̀, wọ́n sì máa fún un ní máàkì méjì.

Ó ṣe é lójú mi. Ó ní màámi, ẹ wá wo ìwé mi, màámi, kí ló dé tí ẹ ò dúró gbọ́ èsì mi. Ohùn ìwé ló fi ń sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n omi wà lójú rẹ̀. Ó yẹ kí n gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Mi ò gbà á. Kí n má purọ́ fún ọmọ mi, ìlara ló ń ṣe mí.

Lánàá, Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Fìyìn àti Kíkẹ́ lọ kí abiyamọ kan. Mo gbé àga ìyá rẹ sí ibi tí Fìyìn máa ń jókòó. Mo pe Ìyá Wúrà, bí mo ṣe ń pè é láti ọjọ́ tó ti bí ọ. Ilé dákẹ́. Mo wá rò ó pé bóyá orúkọ ìrìbọmi ni wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́run, kì í ṣe orúkọ ọmọ. Mo ní, Agnes. Láti ọjọ́ tí àlùfáà ti ní kí n pè é níwájú pẹpẹ ní Oǹdó, orúkọ yẹn ò tíì jáde lẹ́nu mi. Ojú tì mí bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Mo ní, Agnes, àga rẹ nìyí, mo ti bá ọ tọ́jú rẹ̀.

Ohùn kan sì pè mí láti inú yàrá tí mo tì. Akínlolú ni ó pè mí, ìgbà kan péré, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ohùn Oǹdó tí gbogbo ọdún tí ìyá rẹ lò ní Ìjàrẹ kò mú kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo wá okùn. Má rẹ́rìn-ín. O rántí ọjọ́ tí mo wá sí ọ́fíìsì yín, tí o gbé tẹlifóònù lé mi létí, tí Oríọlá àbúrò ìyá rẹ ń kí mi láti Oǹdó, tí mo sì ń wo abẹ́ tábìlì bóyá ibẹ̀ ló wà? O fi okùn rẹ̀ hàn mí lọ́jọ́ náà, o ní inú rẹ̀ ni ohùn ń gbà. Lánàá mo wo ìdí ilẹ̀kùn, mo wo òkè àjà, kò sí okùn kankan. Lọ́jọ́ yẹn mo dá tẹlifóònù padà fún ọ, mi ò dáhùn. Lánàá náà mi ò dáhùn, torí a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a ò rí. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ ti gbà pé òun yóò tẹ̀ lé e nìyẹn.

Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ni kò jẹ́ kí n sinmi. Ìyá rẹ kò pe orúkọ mi rí. Obìnrin rere wo ni yóò la ẹnu pe ọkọ rẹ̀ ní ṣákálá? Bàbá Wúrà ni mo ń jẹ́ nígbà tí inú rẹ̀ dùn, òun náà ni mo ń jẹ́ nígbà ìjà, òun ló sì pè mí ní òwúrọ̀ tó kú. Mo ti ka àwọn tó lè pè mí ní Akínlolú ní ìlú yìí láìfi bàbá tàbí bọ̀ọ̀dá sí i. Wọ́n jẹ́ méje. Gbogbo wọn ló wà ní itẹ́ òkú. Nítorí náà òkú ló pè mí, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ṣé òun wá ni, àbí nǹkan mìíràn ló gbé ohùn rẹ̀ wọ̀, èyí ni mi ò mọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Bàbá Ọlọ́runníyì, kátíkíísì wa, ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí n sì dá ìwé náà padà. Ààwẹ̀ ò ṣòro, ọdún yìí ti ń bá wa gbà á láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́. Ìwé ni mi ò lè dá padà, torí bí Fìyìn bá tún kùnà Gẹ̀ẹ́sì, oko ló kù fún un, oko ò sì mówó wọlé mọ́.

Nítorí náà, bá mi wá ẹni tó kàwé dáadáa ní sẹkitéríátì yín, kí o bi í bóyá ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ nínú àpọ́sítírọ́fì ní ẹ̀tọ́ láti fèsì. Tíṣà ní wọn kì í fèsì, ṣùgbọ́n ọmọdé ni Tíṣà, kò tíì sin ẹnì kankan. Èmi ti mọ ohun tí n ó ṣe. Bó bá tún pe Akínlolú, kó máa pè é lọ. Bó bá pe Bàbá Wúrà, a jẹ́ pé òun ni, n ó sì dá a lóhùn. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí o wálé ní Sátidé nìyẹn, kó má jẹ́ pé Fìyìn nìkan ni yóò wà nílé lọ́sẹ̀ ìdánwò rẹ̀.

Bí nǹkan bá ṣẹ́kù lára owó oṣù, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún kẹrosíìnì, àti pẹ́ńsù méjì irú èyí tí ẹ̀rọ yẹn fẹ́ràn, àti awò ojú fún mi, èyíkéyìí tí o bá rí ní ọjà Àkúrẹ́, ojú mi ò lè yan. Ọlọ́run yóò fi ẹni rere pàdé rẹ. Ibi tí o bá dúró sí, wọn ò ní ní kí o dìde. O ó sin mí, ọmọ ò ní ṣáájú bàbá.

Èmi ni bàbá rẹ tí kì í gbàgbé rẹ nínú àdúrà.

Mo ti fi ẹ̀kọ lẹ lẹ́tà yìí pa, mo tún tú u. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni òní, ọ̀sán gangan ni. Kíkẹ́ wà lóko, Fìyìn wà ní lẹ́sìn lọ́dọ̀ Tíṣà. Ọmọ náà ti mọ gbogbo ìwé yẹn tán, yóò yege. Ẹnìkan ń pè mí ní ẹ̀yìnkùlé, láti ẹ̀gbẹ́ àmù, ó ti pè lẹ́ẹ̀kan. N ó fi ife tánganran tẹ lẹ́tà yìí mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e, Kíkẹ́ yóò bá mi fún awakọ̀. Wúrà, kì í ṣe Akínlolú ló pè mí.