Àdúrà Tí Mo Há Sórí Lẹ́nu Yín

Màmá mi àtàtà,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rojọ́ díẹ̀ kí n tó gbéra. Inú ọkọ̀ ni mo wà, níwájú ilé wa ní Roodepoort ní ìdálẹ̀ níbí, mo gbé ìwé lé orí itan. Tèmi, ọmọ mi, ṣì ń múra nínú ilé. Ọkàn mi ò balẹ̀, Màmá. Kò balẹ̀ rárá.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, aago márùn-ún ìdájí ṣì ń jí mi. Ṣebí ìgbà yẹn lẹ máa ń pè mí láti Adó. Màá gbé fóònù sórí ìrọ̀rí, ẹ̀yin á bẹ̀rẹ̀ àdúrà, èmi á máa ṣe àmín. Nígbà míì oorun á ti gbé mi lọ, àmín á ṣì máa jáde. Ẹ máa ń dánu dúró láti wúkọ́, ẹ ó wá bi Ọlọ́run léèrè bóyá Ó ṣì wà níbẹ̀, bíi pé aládùúgbò lẹ ń bá sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mo wá ń pe ara mi ní aládùúrà! Níbi iṣẹ́ mi ní Fourways, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ta kókó fún, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀.

Ọjọ́ Ajé ni àṣírí tú. Tèmi fẹ́ lọ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò àṣejáde girama. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi nínú ilé ìdáná, kí n gbàdúrà fún un bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo la ẹnu, ẹ̀yin lẹ jáde! Mo ní ọkọ̀ Àkúrẹ́ kò ní dojú dé. Mo ní ajínigbé kò ní fojú kàn án lọ́nà oko. Màmá, iléèwé ọmọ náà ò kọjá róbọ́ọ̀tì kejì, iná ojú títì wọn níbí, sí ilé wa! Ó la ojú kan, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí níbo ló ń jẹ́ Àkúrẹ́, àti pé kí ni màá sọ fún Ọlọ́run nípa tòun. Eish! Mo ní ilẹ̀ ti ń ṣú lọ, kó lọ wọ bàtà, láàárọ̀ kùtù! Ó lọ bẹ́ẹ̀, láìsí àdúrà kankan.

Ó ń dùn mí. Mo ti gbààwẹ̀. Mo ti pariwo àdúrà títí tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì fi wá wò bóyá olè ló wọlé. Tí mo bá dákẹ́, ojú á máa tì mí, bíi pé àlejò tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ ni mo jókòó tì. Báwo lẹ ṣe mọ Ọlọ́run tó bẹ́ẹ̀? Nígbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀? Ṣé Ó máa ń dá yín lóhùn, àbí ẹ kàn ń bá ọ̀rọ̀ lọ ni? Kí ló dé tí mi ò bi yín nígbà tí ẹ wà láyé? Ilẹ̀ lẹ fi sílẹ̀ fún wa, aṣọ lẹ fi sílẹ̀, èyí nìkan lẹ kó lọ.

Ìṣirò ni ọmọ yìí fẹ́ lọ kọ lónìí, òun ló sì ń bà á lẹ́rù jù. Tó bá jáde báyìí, á tún kúnlẹ̀. Kí ni màá sọ?

Ohun tó tilẹ̀ ń bí mi nínú ni pé ọ̀rọ̀ ò wọ́n mi lẹ́nu níbí. Ìbẹ̀rù mi, ìtìjú mi, ọ̀rọ̀ ọmọ mi, gbogbo rẹ̀ ni mo ti kó kalẹ̀ níwájú yín, mi ò sì ronú kí n tó sọ ọ́. Ẹni tó yẹ kí n máa sọ ọ́ fún wà nítòsí, ẹ̀yin ni mo ń kọ̀wé sí.

Ẹ má bínú, Màmá. Mo ń gbé kálàmù sílẹ̀ báyìí. Mo fẹ́ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nípa Tèmi, ì báà já geere, ì báà má já geere. Ẹ má bá mi dá sí i.

Èmi àbíkẹ́yìn yín, tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀.