Wọ́n Tó Bíi Márùn-ún

Ọlọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé ara rẹ le, ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu? Olúwa tó fi ààlà fún òkun yóò fi ààlà fún gbogbo ọ̀tá rẹ ní Ìbàdàn, àwọn ọmọ ilé-ìwé tí o ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní sọ ọ́ di wèrè. Àmín. Ara tèmi le, ọpẹ́ ni. Omi tún ti gba ilé ìdáná Àrìnpé, alábàágbé wa, níbí ní Abereke, a sì ti bá a tún un kọ́ sẹ́yìn. Wá ibì kan jókòó kí o tó ka èyí tó kù, torí ọ̀rọ̀ náà kan àbúrò rẹ Kọ́lájọ, ṣùgbọ́n má tíì sunkún.

Ọkọ̀ Bàbá Mósè, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ló dà lójú òkun ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí Kọ́lájọ àti àwọn ọmọ yòókù ń bọ̀ láti ibi àwọ̀n. Ìgbì kan ló gbé e tó dojú rẹ̀ dé. Àwọn elépo rọ̀bì tó ń ṣiṣẹ́ nínú òkun gbọ́ igbe wa, wọ́n gbé bóòtì wọn wá sí èbúté, ọ̀gá wọn sì bèèrè iye ènìyàn tó wà nínú ọkọ̀. Àjèjì ni ọ̀gá náà, kò gbọ́ Yorùbá rárá.

Ọlọ́lá, o mọ ilé tí a bí ọ sí. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ká má tilẹ̀ wá sọ ti ọmọ tó wà lójú omi. Bí a bá ka orí wọn, òkun ń gbọ́, yóò sì bu tirẹ̀ níbẹ̀. Bàbá Mósè dáhùn bí àgbà, ó ní wọ́n tó bíi márùn-ún, èmi náà sì mi orí. Pétérù ọmọ ìjọ wa, tó ka ìwé mẹ́wàá, ló túmọ̀ rẹ̀, ó ní “àbáótì fáìfù.” Ọ̀gá náà ní ó dára, wọ́n lọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó àwọn ọmọ dé, gbogbo wọn tutù rinrin, wọ́n ń bi omi iyọ̀. Mo ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò rí Kọ́lájọ. Mo figbe ta. Ọ̀gá náà ní márùn-ún tí a pè ni òun kó dé, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Pétérù ní àbáótì kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a so ní kókó, ó lè lé, ó lè dín. Ọ̀gá ní tí ẹja bá ni ìyẹn, kì í ṣe ènìyàn. Bàbá Mósè bá tún gba ẹnu rẹ̀, ó ní kí Pétérù sọ pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́fà. Ẹlòmíràn ní wọ́n fi díẹ̀ lé ní márùn-ún. Pétérù ń túmọ̀, òógùn ń bò ó. Ọ̀gá náà wò wá tìyanu-tìyanu, ó bèèrè pé ènìyàn wo ló ń jẹ́ díẹ̀.

Mo kúrò lọ́dọ̀ wọn, mo pe fóònù Kọ́lájọ. Obìnrin kan ló gbé e, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé bí ọmọ mi bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kó jọ̀ọ́ gbé fóònù fún un. Kò dá mi lóhùn, ohun kan náà ló ń sọ. Mo ṣépè fún un, mo tún padà bẹ̀ ẹ́. Bí o bá mọ ìdílé tó ti wá, sọ fún wọn pé wọn kò kọ́ ọ nílé.

Ìbínú wá gbé mi. Mo padà síwájú ọ̀gá náà, mo na ìka ọwọ́ kan tán, mo na ọ̀kan sí i láti ọwọ́ kejì. Mo pariwo pé mẹ́fà ni wọ́n, kò lé, kò dín, Kọ́lájọ ló kù! Àrìnpé fọwọ́ bò mí lẹ́nu, mo gé e jẹ. Ọ̀gá náà kò dúró de Pétérù mọ́. Ó wo ìka mi, ó fò sínú bóòtì.

Wọ́n rí i, Ọlọ́lá. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan ló dì mú, wọn kò sì tètè rí i gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà ní ilé ìwòsàn ní Ìgbòkòdá báyìí. Lánàá ó la ojú, ó wò mí, ó tún dì í, kò tíì sọ̀rọ̀. Dókítà ní ó ti “ọ́límóòsì” bọ́ nínú ewu, Pétérù ní ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Mo ní kó bi dókítà pé apá ibo ló kù sínú ewu, ṣé ẹsẹ̀ ni àbí orí, kí n lè mọ ibi tí màá gbàdúrà lé. Dókítà kàn rẹ́rìn-ín ni. Mo ṣì ń retí ìdáhùn.

Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní parọ́ fún ọ. Wọ́n ń sọ ní Abereke pé bí nǹkan bá ṣe é, ẹnu mi ló fà á. Bàbá Mósè kì í jẹ́ kí ojú wa pàdé. Láyé mi, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ọmọ mélòó ni mo bí, Ọlọ́run ló ni wọ́n ni mo máa ń wí. Ṣùgbọ́n ìbá ṣe pé mo tún wí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, inú omi ni ọmọ mi ìbá wà.

Jọ̀wọ́, wá owó fún omi tí wọ́n ń fà sí i lára, àti fún epo ẹ́ńjìnnì tí a fi ń lọ tí a fi ń bọ̀. Má fi gba báǹkì. Mo débẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, ó jọ pé owó wọn ti tán. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o gbé e wá. Kọ ọjọ́ tí wàá dé sí mi, má kọ pé bíi ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, má sì kọ pé o fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣetán. Àbúrò rẹ ń fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Ọlọ́run kò ní gbọ́ àdúrà wa díẹ̀, kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ, yóò gbọ́ ọ tán. Ọ̀nà á là fún ọ, omi á gbé ọ wọlé.

Èmi ni ìyá rẹ, Moríkẹ́, ọlọ́mọ méjì.