Agbọ̀n Etí Òrùlé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù Saun, oṣù òjò
Aláàárù ni mí, mi ò kàwé. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, òun náà ò kà á. Ẹnu mi ló ń sọ, ọwọ́ Tulasa, ìyàwó ọmọ mi, ló ń kọ. Ìgbàgbé ti ń kó nǹkan lọ lórí mi.
Òjò ti gé ọ̀nà mọ́tò. Lónìí mo fi agbọ̀n pọn obìnrin kan, mo gbé e sọ̀kalẹ̀ òkè dé ibi tí jíìpù ń dúró. Alágboòrùn ló mú un wá — Bishnukala ni mo ń pè bẹ́ẹ̀, òun ló ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlera àwọn obìnrin abúlé wa, agboòrùn dúdú rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ márùn-ún, ọkọ ọ̀mùtí, oyún tuntun. Òfin gbà kí wọ́n ṣẹ́ oyún, ọ̀fẹ́ sì ni lọ́sibítù. Ọ̀nà ni kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá san owó jíìpù. Èmi ò gba nǹkan kan. Àwọn tó pàdé wa ń bi mí pé kí ló ń ṣe é. Mo ní inú ń run ún. Ẹ̀yìn mi kì í bi ẹrù léèrè ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì
Agbọ̀n tí mo fi ń gbé ènìyàn, èyí tí mo gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè yọ síta, etí òrùlé ni mo ń gbé e kọ́. Láàárọ̀ yìí mo bá a lẹ́nu ilẹ̀kùn mi. Wọ́n ti tẹ́ kúbùsù sínú rẹ̀. Mo béèrè ẹni tó gbé e wá. Tulasa ní, "Èmi ni, Baba."
Ó ti lóyún kẹrin. Lokendra ọmọ mi wá sinmi ní oṣù Baisakh, bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Qatar. Obìnrin mẹ́ta ló ti bí. Láti orí ìkẹta ni ilé ọmọ rẹ̀ ti ń yọ wálẹ̀. Bó bá lọ pọnmi, á jókòó lọ́nà. Dókítà ní òmíràn lè pa á. Tulasa ní kí n gbé òun lọ kí wọ́n bá òun ṣẹ́ ẹ.
Mo ní rárá. Ó lè jẹ́ ọkùnrin.
Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, Ìyàwó.
Ó tẹrí ba, ó kọ ọ́. Bí kò bá kọ ọ́, ta ni yóò sọ fún mi?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin
Òjò. Agbọ̀n tún wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo gbé e kọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún
Lokendra pè, bó ṣe máa ń pè ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n bá sinmi. Ó ní, "Baba, ẹ bá mi tọ́jú ọmọkùnrin mi o." Mo ní mo ti gbọ́. Tulasa ń ṣa òkúta inú ìrẹsì, kò gbójú sókè.
Ìyá Lokendra wá bá mi níbi tí mo ti ń fún ẹfọ̀n ní koríko. Ó ní, "Bàbá Lokendra, ìyàwó oníyàwó ń gun ẹ̀yìn yín bí ẹṣin. Ti inú ilé yín ló wá wúwo?" Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ó ní, "Ṣebí ẹ̀yìn yín kì í bi ẹrù léèrè ọ̀rọ̀? Ó ti wá di agbẹjọ́rò." Obìnrin yìí, ata ni. Ó ní òun náà fẹ́ ọmọ-ọmọ ọkùnrin, àmọ́ bí ìyá àwọn mẹ́ta tó wà nílẹ̀ bá kú, ta ni yóò tọ́ wọn? "Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń se omi?"

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje
Alágboòrùn wá. Kò wọlé. Inú òjò ló dúró sí. "Baba àgbà, oyún yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù mẹ́ta. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọsibítù ò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan mọ́. Ní báyìí, òfin ò bi ọkọ léèrè, kò bi bàbá ọkọ."
Mo ní kí òfin wá gbé e sọ̀kalẹ̀.
Ó ní, "Òfin ò lẹ́yìn, Baba. Ẹ̀yin lẹ lẹ́yìn."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án
Mo ní kó má kọ nǹkan kan lónìí. Ó ní òun ti kọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá
Àná, ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó wá kí mi. Láti ọjọ́ tí Tulasa ti wọ ilé yìí, iwájú orí rẹ̀ ló ń kan ẹsẹ̀ mi láràárọ̀ kí n tó mu tíì. Mo jókòó, mò ń retí. Tíì tutù. Ìyá Lokendra ní, "Ó ti lọ. Ẹsẹ̀ ló fi lọ."
Mo sọ agbọ̀n kalẹ̀ láti etí òrùlé. Mo bá òun àti Alágboòrùn lábẹ́ igi ńlá tí àwọn aláàárù ti ń sinmi. Tulasa jókòó sórí òkúta, ó di abẹ́ ikùn mú, ojú rẹ̀ rí bí eérú. Alágboòrùn ń fi agboòrùn bò ó. Mo gbé agbọ̀n kalẹ̀, mo kẹ́yìn sí i. Mo ní, "Wọlé, Ìyàwó."
Ó ní, "Baba, iwájú orí yín ni okùn agbọ̀n yẹn máa wà. Kí n jókòó lé yín lórí? Èèwọ̀ ni."
Mo ní kí èèwọ̀ jókòó dè wá lábẹ́ igi.
Alágboòrùn rẹ́rìn-ín. Tulasa ò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé. Mo fi okùn sí iwájú orí, mo dìde. Ẹ̀gbà ọwọ́ aláwọ̀ ewé tí àwọn obìnrin ń wọ̀ lóṣù yìí ń dún lẹ́yìn etí mi. Kò wúwo. Ewúrẹ́ mi wúwo jù ú lọ. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.
Dhanbir tó ń da màlúù pàdé wa. "Baba, kí ló ń ṣe é?" Ọ̀rọ̀ inú rírun ti wà lẹ́nu mi. Mi ò sọ ọ́. Mo ní, "Mò ń gbé e lọ kó má bàa kú." Ó yà fún wa.
Jíìpù gbé wa dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì bi í pé ta ló pinnu rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì ìta: "Èmi ni." Nígbà tó jáde, ó ń di ògiri mú. Mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un, ó jẹ ẹ́. Lónìí mo gbé e gun òkè padà. Bóyá ọkùnrin ni — mo rò ó ní gbogbo ọ̀nà. Mo ṣì ń rò ó.
Kọ ìyẹn náà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá
Ó fẹ́ tẹrí ba síbi ẹsẹ̀ mi láàárọ̀ yìí. Mo ní kó má tẹ̀, ara rẹ̀ ò tíì le. Agbọ̀n ti padà sí etí òrùlé.
Ìyá Lokendra ní ká sọ fún ọmọ wa pé oyún náà bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ yọ̀, ó gbé omi, ó ṣubú. Ta ni kò ní gbà? Tulasa ń kọ ọ́. Mi ò mọ ìwé kà, àmọ́ mo lè ka ìlà tó fà lé e lórí.
Fóònù ọjọ́ Ẹtì ń dún. Tulasa ń nawọ́ sí i.
Jókòó, Ìyàwó. Gbé e fún mi. Èmi ni mo gbé ọ lọ.