Ohun Tó Pọ̀jù Kì Í Ṣe Ọrọ̀: Ìgbésí Ayé Olóògbé Japhet Ọlọ́runtọ́ba, Mẹkáníìkì ní Kabala Doki (1913–1966)

Ní agogo mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹrin ọdún yìí, 1966, Bàbá wa Japhet Ọlọ́runtọ́ba ti tẹrí bọ inú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ Mọ́rísì kan níwájú ilé wa ní Kabala Doki ní Kaduna, wọ́n ń tú púlọ́ọ̀gì. Dókítà ti sọ pé kí wọ́n má ṣe dìde lórí ibùsùn nítorí àyà tí ń dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n Nímọ́tà, aládùúgbò wa tí ń ta obì, ti gba wáyà láti Ọ̀fà pé ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, ó sì ń béèrè rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ náà ti lọ. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ni ó kù, òun náà sì ń tú èéfín dúdú, ó ń mu epo bí ẹni pé ìdí táńkì rẹ̀ lu. Bí ó bá jáde bẹ́ẹ̀, inú igbó ni yóò kú sí.

Ìdí tí Bàbá fi dìde ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa dárò. A kò ní fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, nítorí wọn kò fẹ́ràn òfò.

Mọ̀pà ní ilẹ̀ Yàgbà ni a ti bí wọn ní ọdún 1913. Richard Ọlọ́runtọ́ba, àgbẹ̀, ni bàbá wọn. Màmá Dinah, ahunṣọ, ni ìyá wọn. Ọmọ mẹ́rin ni Màmá Dinah bí; Japhet nìkan ni Ọlọ́run fi sílẹ̀.

Ní ọdún 1924 wọ́n wọ ilé-ìwé míṣọ́n. Ìwé kẹrin ni wọ́n kà dé tí bàbá wọn fi kú, wọ́n sì gbé ìwé sílẹ̀, wọ́n gbé ọkọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ ní Lọ́kọ́ja. Ní ọdún 1939 wọ́n gbé Harriet, ọmọ Ìsánlú, níyàwó. Ní ọdún 1950 ni wọ́n kó ẹbí wọn wá sí Kaduna láti wá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí ń tún ọkọ̀ ṣe.

Ìwé tí wọ́n gbé sílẹ̀ kò kúrò lọ́kàn wọn. Láti ọdún 1951 wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ́ńjìnì nípa lẹ́tà láti Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń jókòó sídìí tábìlì fún wákàtí mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pè wọ́n. Ní ọdún 1952 ìbéèrè kan wá nípa ẹ́ńjìnì tí ó “ríìṣì”. Bàbá mọ ohun tí ríìṣì jẹ́. Ọlọ́rọ̀ ni. Wọ́n dáhùn pé kò sí ẹ́ńjìnì tí ó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé kí ẹni tí ó ni ín dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Tíṣà wọn fi gègé pupa fa ìlà gba orí ìdáhùn náà kọjá. Ó ṣàlàyé pé ẹ́ńjìnì tí ó ríìṣì ni èyí tí epo rẹ̀ ju afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ, tí kò lè jó epo náà tán, tí ń fi í ṣe èéfín dànù. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ó kọ èyí sí: “Ohun tó pọ̀jù kì í ṣe ọrọ̀.” Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbọ́, wọ́n sọ Bàbá ní Attajiri, bí àwọn Hausa ṣe ń pe olówó ńlá. Bàbá kò bínú. Wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ inú ìdérí àpótí irinṣẹ́ wọn, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní.

Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ní ọdún 1954, wọ́n sì dá iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1957. Wọ́n kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi fún ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n sì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Yàgbà. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé ìpàdé, ìta ni yóò ti gbọ́ àdúrà ìparí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1958 ni lẹ́tà dé pé ara Màmá Dinah kò yá. Tíṣà Moses, ọmọ Mọ̀pà bíi tiwọn, yọ̀ǹda ọkọ̀ Ọ́sítìnì rẹ̀, àwọn méjèèjì ni yóò jọ lọ. Ọkọ̀ náà ríìṣì. Bàbá rí ohun tí ó ń ṣe é: fulóòtì ti lu. Agolo idẹ kékeré tí inú rẹ̀ ṣófo ni fulóòtì, ó ń léfòó lórí epo nínú kábúrétọ̀, òun ni ó sì ń ti ilẹ̀kùn epo nígbà tí epo bá tó. Bàbá fi òjé dí ihò náà. Nítorí ọ̀nà jìn, wọ́n fi òjé kún òjé kí ó má baà tún jò. Wọn kò dán an wò kí wọ́n tó lọ, ojú ń kán wọn.

Òjé náà pọ̀jù. Fulóòtì wúwo, kò lè léfòó dáadáa, ilẹ̀kùn kò tì. Láàárín Kọ́ntàgórà àti Mókwà epo tán pátá. Ọjọ́ kan àtààbọ̀ ni wọ́n fi jókòó sẹ́bàá ọ̀nà kí lọ́rì kan tó gbà wọ́n.

Nígbà tí wọ́n dé Mọ̀pà, yẹ̀pẹ̀ ibojì ṣì tutù. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni a sin Màmá Dinah. Àwọn tí ó tọ́jú wọn sọ pé ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá kọjá ni Màmá ń gbórí sókè, tí wọ́n ń béèrè pé, “Ṣé ìró ọkọ̀ Japhet kọ́ nìyẹn?” Aṣọ kíjìpá kan wà níbi ìhunṣọ, ó ku ìwọ̀nba díẹ̀ kí ó parí. Ti Japhet ni. Bàbá gé e bí ó ṣe wà, wọ́n sì gbé e padà wá sí Kaduna. Òun ni a fi bò wọ́n lónìí.

Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, Bàbá á dá irinṣẹ́ dúró, wọ́n á tẹ́tí. Ọdún méje ni a fi ń wò wọ́n bẹ́ẹ̀, a kò sì béèrè.

Nítorí náà, nígbà tí Ìyá wa Harriet bẹ̀ wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹlòmíràn tún Mọ́rísì náà ṣe, ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Ìyá Ẹ̀bùn, jẹ́ kí n lọ. Mo mọ ohun tí ó ń ṣe ọkọ̀ yẹn.”

Wọn kò sáré. Púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n wo fílítà afẹ́fẹ́, ó mọ́. Wọ́n wo ṣóòkì tí ń dín afẹ́fẹ́ kù, ó ń ṣí dáadáa. Wọ́n tan ẹ́ńjìnì, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo díẹ̀ lára ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ẹ́ńjìnì sì fẹ́ kú. Èyí fi hàn pé kò tilẹ̀ ní afẹ́fẹ́ tó tẹ́lẹ̀. Wọ́n pa á, wọ́n yọ fulóòtì, wọ́n mì ín létí. Epo ń dún nínú rẹ̀. Wọ́n da epo náà nù, wọ́n sì fi òjé tí kò ju hóró ọkà bàbà kan lọ dí ihò náà. Wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n pẹ̀lú tuntun kan tí wọ́n yá. Ìwúwo méjèèjì dọ́gba. Nímọ́tà ti di ẹrù, ó ń sunkún pé ilẹ̀ ti mọ́. Bàbá ní kí ó jókòó. Wọ́n nu púlọ́ọ̀gì, wọ́n dá wọn padà, wọ́n sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ fún odindi wákàtí kan kí wọ́n tó tún tú ọ̀kan wò. Ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Nímọ́tà rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Ó ní, “Bàbá, ẹ ti sọ ọ́ di obì.”

“Ó yá, máa lọ,” ni wọ́n dá a lóhùn. “Má dúró níbì kankan.”

Ní Sátidé wáyà dé láti Ọ̀fà pé Nímọ́tà bá ìyá rẹ̀ láàyè, àti pé ìyá náà mọ̀ ọ́n. Bàbá ní kí a tún un kà. A tún un kà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún, wọ́n sùn nínú Olúwa.

Wọ́n fi aya wọn Harriet sílẹ̀ sáyé, àti àwọn ọmọ: Ẹ̀bùn, Rose àti Tìmí, àti ọmọ-ọmọ kan, Moróunkẹ́.

Bí a ṣe rí wọn nídìí iṣẹ́ gbẹ̀yìn ni a fẹ́ kí ẹ fi rántí wọn. Mọ́rísì ti yà ní ìkóríta, kò sí èéfín lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá dúró, wọ́n tẹ́tí sí i títí a kò fi gbọ́ ọ mọ́. Wọ́n nu ọwọ́. Wọ́n ka irinṣẹ́, ó pé. Wọ́n pa àpótí dé, wọ́n sì lọ.

Ẹ máa lọ, Bàbá wa. Kí ọ̀nà là fún yín. Màmá Dinah ti gbọ́ ìró ọkọ̀ yín.